Ọmọ Kétu Nílé Aránṣọ Èrúwà

Mo rántí ìgbà tí ìró ẹ̀rọ ìránṣọ máa ń jí mi lójú oorun ọ̀sán. Ìró náà kì í pariwo. Á bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí òjò tó ń kán sórí páànù, á yára, á tún dákẹ́, bí ẹni pé ẹni tó jókòó sídìí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí nǹkan. Mo máa ń dùbúlẹ̀ lórí ẹní lábẹ́ fèrèsé láìtíì lajú, màá máa gbìyànjú láti mọ ibi tí mo wà. Ní ìwọ̀nba àkókò kékeré yẹn, ilé ìyá mi ni mo máa ń rò pé mo wà, ní Kétu, ní ilẹ̀ Dàhòmì àtijọ́. Lẹ́yìn náà ni atẹ́gùn á gbé òórùn bàrà ẹ̀gúsí tí wọ́n kó jọ kó lè rà wọlé láti ẹ̀yìnkùlé àwọn aládùúgbò, ẹ̀rọ náà á tún bẹ̀rẹ̀, màá sì rántí pé Èrúwà ni mo wà, pé orí ẹní ọmọ ẹlòmíì ni mo sùn sí, àti pé ọmọ náà ń sùn lórí tèmi.

Ìtàn bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn. Bàbá mi ti kú kí n tó mọ ojú wọn dáadáa, èmi nìkan ni ìyá mi sì bí. Àbúrò bàbá mi jẹ́ olùkọ́ ní Kétu, ó ní ọ̀rẹ́ kan tí wọ́n jọ pàdé níbi àpéjọ ìjọ, olùkọ́ ni òun náà, ní Èrúwà. Ọ̀rẹ́ yìí ní ọmọbìnrin kan tí ó fẹ́ kó gbọ́ Faransé. Àbúrò bàbá mi náà sì ti pinnu pé èmi gbọ́dọ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n rò ó lọ rò ó bọ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín sí i, wọ́n sì fẹnu kò pé kí àwọn fi wá pààrọ̀ ara wa fún ọdún kan. Ọmọ tiwọn á wá gbé lọ́dọ̀ ìyá mi, á máa lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mi. Èmi á lọ gbé lọ́dọ̀ wọn, màá máa lọ sí tirẹ̀. Ìsinmi Àjíǹde ni a ó kọ́kọ́ padà wálé, nítorí wọ́n ní bí a bá tètè ń sáré lọ sílé, ojú wa kò ní mọ́lẹ̀. Àwọn ọkùnrin méjèèjì ló ṣètò gbogbo rẹ̀. N kò rò pé ẹnikẹ́ni bi àwọn ìyá wa.

Ọ̀sán ọjọ́ kan péré ni èmi àti ọmọ náà fi rí ara wa, lọ́jọ́ tí bàbá rẹ̀ mú un wá sí Kétu tó sì mú mi lọ. Ó wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun tó gùn dé orúnkún nínú ooru yẹn, mo sì rò pé bóyá báyìí ni gbogbo ọmọ Nàìjíríà ṣe ń wọṣọ. Ìyá mi ní kí a fẹ̀yìn kan ara wa, wọ́n fi ọwọ́ wọn orí wa, wọ́n ní a dọ́gba. Nígbà tí a jẹun tán, ọmọ náà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, “Ẹní mi wà lábẹ́ fèrèsé. Bí òjò bá ń rọ̀, máa fà á sẹ́yìn. Màámi ò ní rántí sọ fún ẹ.” Èmi náà wá ọ̀rọ̀ pàtàkì kan tí mo lè fi ṣe ìdágbére fún un, n kò rí. Mo kàn sọ fún un pé ewúrẹ́ ilé wa máa ń jẹ aṣọ.

Mo ti ń fọ́nnu fún àwọn ẹgbẹ́ mi pé ìlú òkèèrè ni mò ń lọ, mo sì ti pinnu pé èdè kò ní dà mí láàmú, nítorí Yorùbá ṣáà ni gbogbo wa. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo dé Èrúwà ni ojú mi ti já. Àwọn ará àdúgbò wá kí bàbá ilé káàbọ̀, mo kúnlẹ̀ fún àgbàlagbà obìnrin kan, mo sì kí wọn ní “bọ́ńsúà,” ìkíni ìrọ̀lẹ́ lédè Faransé, bí a ṣe máa ń kí àwọn ènìyàn ńlá nílé. Ìyá náà wò mí, wọ́n yíjú sí àwọn yòókù, wọ́n ní, “Kí ló ní kí n sún?” Ilé bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, ohun tí mo bá sọ ní ilé ẹ̀kọ́, wọn á ní kí n tún un sọ, kì í ṣe pé wọn kò gbọ́, wọ́n fẹ́ gbọ́ bí mo ṣe ń fa ìparí ọ̀rọ̀ gùn ni. Wọ́n sọ mí ní Kétu. “Kétu, wá jẹun.” “Kétu, tíṣà ń pè ọ́.” Kò pẹ́ tí èmi gan-an fi ń dáhùn sí i ju orúkọ tí wọ́n sọ mí lọ.

Bàbá Tíṣà ni gbogbo ìlú ń pe bàbá tó gbà mí sílé, èmi náà sì ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹni jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Wọ́n máa ń fi ìwé bo ojú sùn lórí àga lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n á sì máa dáhùn ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n nínú oorun náà. Àwọn ọmọkùnrin wọn ti dàgbà, wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, èmi nìkan sì ni ọmọ tó wà nílé. Ìyá ilé ni à ń pè ní Màámi. Aránṣọ ni wọ́n, aṣọ ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń rán jù, ẹnu wọn kì í sì í ṣófo fún abẹ́rẹ́ tí wọ́n há séyín. Nítorí náà, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé wọn kò fẹ́ràn mi ni. Wọ́n ń bọ́ mi yó, wọ́n ń rí sí i pé mo wẹ̀, mo sì sùn, ṣùgbọ́n ojú wọn máa ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá sí ẹnu ọ̀nà, bíi pé ẹnì kan tún ń bọ̀ lẹ́yìn mi.

Ìgbà kan tí wọ́n máa ń wò mí dáadáa ni ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ gé aṣọ. “Kétu, wá dúró níbí.” Màá dúró, wọ́n á na okùn ìwọnṣọ sí èjìká mi, sí àyà mi, láti ọrùn dé orúnkún, ọwọ́ wọn á tutù, á sì rọra. Aṣọ ọmọ wọn ni wọ́n ń rán. Nítorí pé a dọ́gba, ara mi ni wọ́n fi ń wọn ti ọmọ wọn. Wọ́n á rán an tán, wọ́n á ní kí n gbé e wọ̀, wọ́n á yí mi síwá sẹ́yìn, wọ́n á ní, “Ó bá a mu.” Lẹ́yìn náà wọ́n á ní kí n bọ́ ọ, wọ́n á ká a, wọ́n á kó o sínú àpótí de Àjíǹde. Mo máa ń dúró bí òpó nígbà tí wọ́n bá ń wọn mí. Mo fẹ́ràn ọwọ́ náà lára mi, ó sì máa ń dùn mí pé kì í ṣe èmi ló ń wá.

Bóyá ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ọmọ náà ṣáá. Bí mo bá ń bu omi wẹ̀ láàárọ̀, mo máa ń rò ó pé òun náà ń bu omi wẹ̀ báyìí, lẹ́yìn ilé wa, níbi tí ilẹ̀ pupa ti máa ń ta sí ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá bu ọbẹ̀ fún mi, màá bi ara mi bóyá ìyá mi rántí pé ata tiwa lè ta á jù. Nígbà míì, bí mo bá ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nínú ọyẹ́, tí eruku funfun ti bo àpáta ńlá tó wà lẹ́yìn ìlú tí kò ku ju òjìji rẹ̀ lọ, yóò dà bíi pé ẹyọ ọmọ kan ṣoṣo ni àwa méjèèjì, tó ń gbé ìlú méjì lẹ́ẹ̀kan náà, tí kò sì jí dáadáa níbì kankan. A máa ń lọ sí Ìdèrè ní ìparí ọ̀sẹ̀ láti kí ìyá Bàbá Tíṣà, Màámi á sì ti rán aṣọ funfun kan tí wọ́n fi ń sẹ́ omi fún mi nítorí sòbìà. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ mu omi tí kò bá gba inú aṣọ náà kọjá. Nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́, mo mọ̀ pé wọ́n ń rò ó bóyá ẹnì kan ń sẹ́ omi fún ọmọ tiwọn náà.

Ọdún yí padà, àwọn ológun gba ìjọba, orin wọn ló sì ń jáde lórí rédíò káàkiri ilé. N kò kà á sí. Àjíǹde ni mò ń kà. Bí ó ṣe ń súnmọ́lé, mo ti di ẹrù mi, Màámi sì ti kó àwọn aṣọ inú àpótí síta, wọ́n fi irin gbígbóná tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá Tíṣà fúnra wọn ló máa mú mi lọ, wọ́n á sì mú ọmọ wọn bọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni mo rí wọn tí wọ́n dúró lójúde, wọ́n gbé rédíò mọ́ etí, wọ́n na ọwọ́ kejì sókè pé kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀.

Wọ́n ní, “Wọ́n ti ti gbogbo ẹnu ààlà pa. Wọ́n fẹ́ pààrọ̀ owó náírà.”

Màámi yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. “Títí di ìgbà wo?”

“Wọn ò sọ.”

A kọ́kọ́ rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ni. Owó tuntun dé, ààlà kò ṣí. Ìsinmi parí, ilé ẹ̀kọ́ wọlé, òjò bẹ̀rẹ̀, mo sì ń fa ẹní mi sẹ́yìn kúrò lábẹ́ fèrèsé bí onítọ̀hún ṣe kọ́ mi. Ẹrù mi ṣì wà ní dídì lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ní àkókò náà, Màámi kò tilẹ̀ lè wò mí mọ́. Bí mo bá wọ ibi ìránṣọ wọn, wọ́n á dorí kodò. Láàárọ̀ kan tí wọ́n rò pé mo ti lọ sódò, mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún ọkọ wọn pé, “Ọmọ ọlọ́mọ ló wà lọ́wọ́ mi, ọmọ mi ló wà lọ́wọ́ wọn. Bàbá Tíṣà, ta ló rán yín?” Mo dúró lẹ́yìn ògiri tèmi ti korobá lórí, mo sì rí i fún ìgbà àkọ́kọ́ pé kì í ṣe èmi nìkan ló sọnù nínú ilé náà.

Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí ìjọba ti lé àwọn àjèjì kúrò ní Nàìjíríà, ẹ̀rù ṣì wà lójú àwọn tó rí i. Obìnrin kan láti ìjọ wá gba aṣọ rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀ tí mò ń tú okùn. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni pé n kò ní gbọ́. Ó ní, “Màámi, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yìí kó yín sí wàhálà. Àjèjì ni. Ẹ fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, kí wọ́n wá bí wọ́n ṣe máa dá a padà.”

Màámi dá ẹ̀rọ dúró. Wọ́n mú abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu, wọ́n fi gún etí aṣọ. “Bí wọ́n bá fa tèmi lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ ní Kétu ńkọ́?”

“Ọ̀tọ̀ nìyẹn, mà.”

“Kò sí ọ̀tọ̀ níbẹ̀. Gba aṣọ rẹ, ó ti yá.”

Nígbà tí obìnrin náà lọ, Màámi ní kí n súnmọ́ àwọn. Wọ́n gbá ojú mi mú ní ọwọ́ méjèèjì, wọ́n wò mí títí, mo sì rò pé wọ́n máa sunkún. Dípò bẹ́ẹ̀ wọ́n ní, “Ẹnu rẹ ló ń tú ọ fó. A máa tún un ṣe.” Báyìí ni ẹ̀kọ́ èdè tí kò sí nínú àdéhùn ṣe bẹ̀rẹ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sán, bí ẹ̀rọ bá ń lọ, wọ́n á sọ gbólóhùn kan, èmi á sọ ọ́ tẹ̀lé wọn. Bí mo bá fa ìparí rẹ̀ gùn, wọ́n á gbé ẹsẹ̀ wọn kúrò lórí ẹ̀rọ, gbogbo nǹkan á dákẹ́ títí n ó fi sọ ọ́ bó ṣe yẹ. A sọ̀rọ̀ nípa iṣu, nípa òjò, nípa iye ọ̀pá aṣọ tó tó fún bùbá. Inú oorun ni àwọn ọ̀sán wọ̀nyẹn jọ nínú ìrántí mi, eruku òwú ń fò nínú oòrùn tó gba fèrèsé wọlé, ohùn wọn ń ṣáájú, tèmi ń tẹ̀lé e, títí n kò fi mọ ìgbà tí tèmi kò tẹ̀lé ti ẹnikẹ́ni mọ́. Ọwọ́ wọn náà yí padà. Wọ́n ń fi ẹran tó dára jù sí abọ́ mi. Mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan ni wọ́n ń bọ́, pé wọ́n gbà lọ́kàn wọn pé bí àwọn bá ṣe mí dáadáa, dáadáa ni wọ́n á máa ṣe ọmọ tàwọn lókè ọ̀hún. Èmi a sì máa jẹ ẹran náà tán.

Ìròyìn àkọ́kọ́ dé láti ẹnu alájàpá kan, obìnrin ará Ìmẹ̀kọ tó máa ń wá ra ẹ̀gúsí ní Èrúwà. Ó ní òun mọ ènìyàn ní Ìlárá, ìlú tí ààlà gba inú oko rẹ̀ kọjá, tí ará ibẹ̀ lè jí ní Nàìjíríà kó lọ ro ewédú ní Dàhòmì kó sì padà wá jẹun ọ̀sán. Ó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wa lọ. Ìgbà tó padà wá, ó ní ọmọ wà láàyè, ó ń sọ Faransé bí omi, ìyá mi sì ní kí wọ́n sọ fún wa pé ewúrẹ́ ti jẹ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Màámi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi alájàpá náà léèrè ọ̀nà.

Ọyẹ́ tún ti dé nígbà tí a gbéra. Bàbá Tíṣà fẹ́ tẹ̀lé wa, alájàpá ní wọn yóò dá ọkùnrin dúró ju obìnrin lọ, pé kí wọ́n jókòó sílé. Èmi, Màámi àti alájàpá la wọkọ̀ lọ sí Abẹ́òkúta, a tún wọ òmíràn lọ sí Ìmẹ̀kọ. Kí a tó dé Ìmẹ̀kọ, àwọn aṣọ́bodè dá ọkọ̀ wa dúró, wọ́n ní kí gbogbo wa sọ̀ kalẹ̀, kí a tò. Ọ̀kan nínú wọn ń wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó dúró.

“Ta ni èyí?”

Màámi ní, “Ọmọ mi ni.”

“Mi ò bi yín. Ìwọ, níbo lo ti wá?”

Mo gbọ́ ohùn kan tó ní, “Èrúwà la ti wá, sà. A fẹ́ lọ kí ẹbí wa ní Ìmẹ̀kọ ni,” ohùn náà já gaara, kò fa ohunkóhun gùn. Èmi ni mo sọ ọ́. Aṣọ́bodè náà mi orí, ó kọjá sí ẹni tó tẹ̀lé mi. Nígbà tí a padà wọkọ̀, Màámi di ọwọ́ mi mú, wọn kò sì jù ú sílẹ̀ títí a fi sọ̀. Ohun tí mò ń rò ni pé “Ọmọ mi ni” tí wọ́n sọ kò jọ irọ́ létí mi, mo sì ń bẹ̀rù pé kò jọ irọ́ létí tiwọn náà.

Nínú oko kaṣú kan lẹ́yìn Ìlárá la ti pàdé, alájàpá ló ti bá ìyá mi dá ọjọ́ náà. Kaṣú ń tanná, ilẹ̀ kún fún ewé gbígbẹ, èéfín ọyẹ́ sì mú kí àwọn igi òkèèrè dà bí ohun tí ènìyàn rò lásán. A jókòó, a ń retí. Lẹ́yìn náà ni àwọn obìnrin méjì yọ láàárín igi, ọ̀kan gbé agbọ̀n. N kò mọ ìyá mi lójú ẹsẹ̀, nítorí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ga jù wọ́n lọ, èmi sì ń wá ọmọ tó dọ́gba pẹ̀lú mi. Nígbà tí mo mọ̀ wọ́n, mo sáré, mo kúnlẹ̀. Ìyá ni mo máa ń pe ìyá mi láti kékeré. Ohun tó jáde lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà ni, “Màámi, ẹ kúùrìn o.”

Àwọn ìyá méjèèjì ló dá mi lóhùn.

Ìyá mi fà mí dìde, wọ́n wo ẹnu mi bíi pé wọ́n fẹ́ rí ibi tí ohùn yẹn ti jáde. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, Màámi ti gbá ọmọ wọn mọ́ra, orí wọn kò ga ju èjìká rẹ̀ lọ. Wọ́n ń bi í pé, “Ṣé wọ́n ń fún ọ lóúnjẹ? Ṣé wọn kì í nà ọ́?” Ìyá mi gbọ́, wọ́n ní, “Ẹ wo apá ẹ̀, ẹ sọ fún mi bóyá ebi ń pa á.” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ara sì tú wa díẹ̀. Màámi wá tú ẹrù wọn. Wọ́n yọ àwọn aṣọ tí wọ́n ti rán láti ọdún tó kọjá, wọ́n mú èyí tó dára jù, kaba aláwọ̀ òféefèé tó ní ìgbátí funfun, wọ́n ní kí ọmọ wọn gbé e wọ̀. Kò gba èjìká rẹ̀ kọjá. Wọ́n mú òmíràn. Apá rẹ̀ dúró sí ìgúnpá. Wọ́n dúró tí aṣọ náà wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n wò ó, wọ́n wò mí.

Wọ́n ní, “Ara Kétu ni mo fi ń wọn ọ́.”

Wọ́n fà mí súnmọ́ra, wọ́n gbé kaba náà wọ̀ mí lọ́rùn. Ó bá mi mu láti ọrùn dé orúnkún. Mo rí ìyá mi tí wọ́n ń wo aṣọ náà, tí ojú wọn ń tẹ̀ lé ojú abẹ́rẹ́ níbi ìgbátí, ní rírọra, bí ẹni tó ń kàwé.

Nígbà tó ṣe, Màámi ní kí ọmọ wọn kó ẹrù rẹ̀, ó yá, kí a máa lọ sílé. Ọmọ náà kúnlẹ̀ sínú ewé gbígbẹ. “Màámi, ẹ jọ̀ọ́. Ìdánwò mi ti súnmọ́. Bí mo bá lọ báyìí, gbogbo ohun tí mo ti kọ́ á ṣòfò. Ẹ jẹ́ kí n parí ẹ̀.” Ó ń fa ìparí ọ̀rọ̀ gùn bí ará ilé wa. Màámi kò bínú. Wọ́n kàn jókòó sórí gbòǹgbò kaṣú kan, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká àwọn aṣọ tí kò wúlò mọ́, lọ́kọ̀ọ̀kan, létí létí.

Èmi náà ní ìdánwò ní Èrúwà, ṣùgbọ́n n kò rántí ìdánwò kankan lọ́jọ́ náà. Ilé ni mo fẹ́ lọ. Mo ti di etí aṣọ ìyá mi mú láìmọ̀ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Màámi rí i. Wọ́n dìde, wọ́n gbọn ewé kúrò lára, wọ́n sọ fún ìyá mi pé, “Kò burú. Ẹ máa mú tiyín lọ. Ẹ kú ìtọ́jú tèmi.” Wọ́n gbé ẹrù wọn lé orí, wọ́n kọjú sí ọ̀nà tí a gbà wá.

Ìyá mi rọra já etí aṣọ gbà lọ́wọ́ mi. “Bá wọn lọ.”

Mo ní, “Ìyá?”

“Bá wọn lọ. Ìwọ náà lọ parí tìrẹ. Obìnrin yìí kò lè gba ọ̀nà tó jìn tó báyìí padà sílé lọ́wọ́ òfo.”

Màámi yí padà. “Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ìyá. Ọmọ yín ṣoṣo ni.”

Ìyá mi ní, “Ẹ ti ránṣọ fún un. Èmi ò tíì rí nǹkan kan rán fún tiyín.” Wọ́n gbé agbọ̀n wọn fún wa, gaàrí àti ẹ̀pà ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ti ẹ̀yìn mi jẹ́jẹ́ síwájú.

Inú bí mi dé Abẹ́òkúta. Mo ti rò ó láti ọdún kan sẹ́yìn bí ìyá mi yóò ṣe gbá mi mú tí wọn kò ní jù mí sílẹ̀ mọ́, àwọn ni wọ́n sì fọwọ́ ara wọn jù mí sílẹ̀. Mo jókòó sínú ọkọ̀ nínú kaba òféefèé, mo kọjú síta. Màámi ra àkàrà ní gáréèjì, wọ́n gbé e sórí itan mi. Wọ́n ní, “Bí o bá ń bínú, máa bínú. Ṣùgbọ́n jẹun.” Mo jẹun. Nígbà tí a dé ilé, wọ́n fúnra wọn tú ẹrù mi tó ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn láti Àjíǹde, wọ́n gbé aṣọ mi kọ́ sórí okùn pẹ̀lú tiwọn. Lọ́jọ́ kejì wọ́n gé aṣọ tuntun, wọ́n ní kí n wá dúró, wọ́n na okùn ìwọnṣọ, wọ́n ní, “Èyí, tìrẹ ni.”

Mo ṣe ìdánwò mi, ọmọ Èrúwà náà ṣe tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá ṣí ààlà, Bàbá Tíṣà àti Màámi ló mú mi lọ sílé, ìyá mi sì fi wọ́n han gbogbo Kétu bí ọ̀rẹ́ tuntun. Ọmọ wọn padà sí Èrúwà fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n Faransé ti wọ̀ ọ́ lára, Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Dàhòmì ló ti wá fẹ́ ọkọ, ibẹ̀ ló ń gbé dòní. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì ní Kétu. Àwa méjèèjì kì í rí ara wa púpọ̀, bí a bá sì rí ara wa, ojú máa ń tì wá díẹ̀, bí àwọn tó ti wọ aṣọ ara wọn rí. Àwọn ìyá wa ló ń ṣọ̀rẹ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń lọ kí ara wọn, tí wọ́n máa ń jókòó síbì kan láti àárọ̀ tí a kì í mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Nígbà tí Màámi kú, wọ́n pè mí láti wá bá àwọn ọmọ tò, n kò sì ronú lẹ́ẹ̀mejì.

Ó pẹ́ kí n tó lè bi ìyá mi nípa ọjọ́ oko kaṣú. Mo ti bímọ tèmi, ọmọ náà ti ń rìn, mo wà lọ́dọ̀ wọn nírọ̀lẹ́ kan. Mo bi wọ́n bí wọ́n ṣe rìn padà sílé lọ́jọ́ náà. Mo rò pé wọ́n máa sọ pé àwọn sunkún. Wọ́n ní ọmọ Èrúwà ló ṣáájú nítorí pé ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́, àwọn sì ń tẹ̀lé e. “Mò ń wo gìgísẹ̀ ẹ̀ bó ṣe ń gbé e. Mo wá sọ fún ara mi pé ẹnì kan ń wo tìrẹ báyìí. Ó rọ̀ mí lọ́kàn díẹ̀.” Wọ́n padà sídìí ẹ̀pà tí wọ́n ń pa.

Wọ́n ti darúgbó báyìí, etí wọn kò gbọ́ dáadáa mọ́, wọ́n sì máa ń sùn níbi tí wọ́n bá jókòó sí. Nígbà míì tí mo bá wà pẹ̀lú wọn lójúde, tí oòrùn ń lọ, mo máa ń fẹ́ sọ fún wọn pé òótọ́ ni, pé ẹnì kan wà lẹ́yìn mi ní gbogbo ọ̀nà náà. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀. Wọ́n ti mọ̀ kí n tó mọ̀. Mo kàn máa ń jókòó tì wọ́n títí ilẹ̀ á fi ṣú, n ó sì mú wọn wọlé.